Ohùn Inú Irin

Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì ti rin páálí tí Arínámásàá kó ọ̀pá ìjórin tó fi ń so irin pọ̀ sí. Ọmọbìnrin náà dúró tì í ní yàrá iṣẹ́ irin ilé ìwé wọn, ó káwọ́ lérí. Ta ni kó bá wí? Òun fúnra rẹ̀ ló gbàgbé páálí náà sójú fèrèsé lánàá.

"Kó wọn sínú ààrò pẹ̀lú tèmi," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. Ìgbín ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin yìí ní kíláàsì, torí kò sóhun tó lè mú un yára láyé. Ó na ọwọ́ sí ààrò oníná mànàmáná tí wọ́n fi ń gbẹ ọ̀pá. "Bí wọ́n bá ti gbóná dénú, ọ̀rinrin á kúrò lára wọn."

"Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ gbóná dénú? Kí tìrẹ gan-an tó jáde, ìdánwò á ti parí!"

"Ṣebí Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní ká má fi ọ̀pá tútù jó irin líle."

"Ìgbín, fi mí sílẹ̀ jàre."

Ìdánwò ọjọ́ náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Obìnrin onímọ̀ kan tó ń ṣe ìwádìí nípa bí irin ṣe ń so pọ̀ mọ́ irin ni wọ́n ń retí. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti sọ ọ́ ní Ìyá Irin kí wọ́n tó rí i rárá. Yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tí yóò bá a ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò ìsinmi. Láti ìgbà tí Arínámásàá ti gbọ́, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Láti kékeré ló ti ń jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì máa ń bi í: kí ni iná ń ṣe nínú irin tí irin méjì fi ń di ọ̀kan? Bàbá rẹ̀ a ní, "Ṣé o ti gbálẹ̀ tán?"

Bàbá yìí kì í gbẹ ọ̀pá ní tirẹ̀. Á kàn nù ún mọ́ itan ṣòkòtò, iṣẹ́ yá. Arínámásàá náà mú àkísà, ó nu àwọn ọ̀pá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n ti gbẹ," ó wí fún ọkàn rẹ̀.

Ó fa ìbojú sílẹ̀, ó fi ẹnu ọ̀pá kan irin, iná sọ. Lẹ́yìn gíláàsì dúdú ojú ìbojú náà, kò rí nǹkan mìíràn mọ́ ju adágún kékeré kan tó ń tàn yòò, irin tó ti di omi, tó ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Kò sí ìgbà tó rí i tí ẹnu kì í yà á. Irin tí òòlù lù lù lù tí kò mira, iná kan ló sọ ọ́ di omi yìí! Nígbà tó gbá èèpo dúdú kúrò lójú rẹ̀ tán, ojú ìsopọ̀ náà tò tẹ̀lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Ìyá Irin wọlé wá wo iṣẹ́ wọn. Kò ga, kò sì sanra, ó ti awò ojú rẹ̀ sórí bíi pé orí ló fi ń ríran. Ó fi ìka tọ ojú ìsopọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ta ló jó eléyìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ọwọ́ rẹ mọ́ o, ọmọ mi. Ṣé gbogbo yín lẹ gbẹ ọ̀pá yín nínú ààrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" ni gbogbo wọn hó. Ohùn Arínámásàá tiẹ̀ ròkè ju ti àwọn tó kù lọ. Ìgbín wò ó, ó sì gbójú sílẹ̀. Òun ló jó tirẹ̀ gbẹ̀yìn, ojú iṣẹ́ rẹ̀ sì rí gbágungbàgun. "Ṣé o jó irin yìí ni, àbí o gé e jẹ?" ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Irin kó gbogbo irin náà sínú àpò, ó sì ní Arínámásàá ni òun mú.

Lọ́jọ́ kejì, Arínámásàá wọ ilé ìwádìí. Ó rò pé òun á bá iná àti ariwo níbẹ̀. Yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ ló bá, ògiri rẹ̀ funfun, tábìlì kan wà láàárín. Irin tí òun fúnra rẹ̀ jó ló wà lórí tìmùtìmù, tí wọ́n lẹ ohun kékeré kan bí owó ẹyọ mọ́ ọn lára, okùn sì tinú rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Etí ni," ni Ìyá Irin wí. "Irin máa ń ké kó tó ya. Igbe rẹ̀ ló kéré ju ohun tí etí èèyàn lè gbọ́. Jókòó, má sọ̀rọ̀."

Wọ́n jókòó. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan tábìlì. Lójijì, ẹ̀rọ náà dún: *tá!*

Arínámásàá fò dìde. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wo abẹ́ tábìlì. *Tá!* Ohùn náà tún jáde, láti inú irin tó ti tutù láti àná, tó sùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́ bí òkúta. Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Irin tó ti ń fọwọ́ kàn láti ìgbà èwe rẹ̀, kò mọ̀ pé ó lóhùn!

"Kí ló ń ṣe é, mà?"

"Ó ń ya nínú." Ojú Ìyá Irin kò kúrò lára irin náà. "Ọ̀rinrin ló sábà máa ń fà á. Bí omi bá wà lára ọ̀pá, iná á tú omi yẹn ká. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú omi tó fúyẹ́ ju gbogbo afẹ́fẹ́ lọ, á sá wọnú irin gbígbóná lọ fara pamọ́. Bí irin bá wá tutù, á máa wá ọ̀nà àbájáde, bí kò bá sì rí, á ya ọ̀nà fún ara rẹ̀. Òde á ṣì máa dán." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ ti gbẹ ọ̀pá tiyín. A jẹ́ pé irú irin yìí gan-an, tí mo ní kẹ́ ẹ fi ṣe ìdánwò, ni kò dáa. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń dán an wò, tí mò ń kọ ọ́ pé ó dáa. Òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe afárá tí àwọn ọmọ ilé ìwé á máa gbà kọjá títì. Èmi ni mo ṣìnà. Mo gbọ́dọ̀ pe àwọn tó fẹ́ kọ́ afárá náà pé kí wọ́n dá irin náà padà."

Ó mú fóònù.

Arínámásàá ń wò ó. Obìnrin ńlá yìí fẹ́ da gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nù nítorí ohùn kékeré kan, láìjanpata, torí pé ó gbà pé òótọ́ ni irin ń sọ. Ẹ̀rù bà á. Bí ó bá dákẹ́, àyè rẹ̀ ò ní bọ́. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ó parí. *Tá!* ni irin tún wí.

"Ẹ má pè wọ́n, mà." Ó kúnlẹ̀, omijé gba ojú rẹ̀. "Irin yẹn kò ṣe nǹkan kan. Òjò pa ọ̀pá mi, mi ò gbẹ ẹ́. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Ìyá Irin gbé fóònù sílẹ̀. Kò pariwo, ìyẹn ló tiẹ̀ dun ọmọ náà jù. Ó yọ irin gbágungbàgun ti Ìgbín láti inú àpò, ó lẹ etí mọ́ ọn. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́tí, títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ẹ̀rọ náà kò dún rárá. Arínámásàá kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ó ṣe é bí ẹni pé ó ń wo ohun àràmàǹdà.

"Ọwọ́ rẹ mọ́ ju tirẹ̀ lọ," ni Ìyá Irin wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ẹni tí mo lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ nígbà tí mi ò sí níbẹ̀ ni mò ń wá. Àyè yìí ti di ti ọ̀rẹ́ rẹ. Dìde. O jẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́, ìyẹn náà ní iyì tirẹ̀. Bí a bá gé irin rẹ, n ó pè ọ́ kó o wá wò ó."

Ìgbín ló wá pè é, ní ọjọ́ tí wọ́n gé irin náà. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn sún kúrò nídìí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá kó lè ráyè. Arínámásàá fi ojú sí i, ó sì gbàgbé láti mí. Inú irin kì í ṣe pẹrẹsẹ bó ṣe rò! Wóró wóró ló wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n fara ti ara wọn bí ilé nínú ìlú ńlá. Láàárín wọn, lábẹ́ ìpẹ́ ẹja rèǹtè-rente tí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún, ìlà dúdú kan là á já, kò nípọn ju fọ́nrán irun lọ.

"Ó rẹwà," ó wí wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń sunkún.

Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dá iná èédú, ó gbé páànù lé e, ó to àwọn ọ̀pá ìjórin sórí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Àgbàdo lò ń yan ni?"

"Ọ̀pá ni mò ń gbẹ, Bàámi."

"Ẹsẹ̀ táǹkì omi lásán la fẹ́ jó! Ta ló máa mọ̀?"

"Irin á mọ̀, Bàámi."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá rẹ̀. Òun náà kó ìdì ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí páànù. Ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ kò kan irin nìkan: èèyàn lè fi ojú iṣẹ́ tan gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú rẹ̀ á sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan.