Ilẹ̀kùn Ìyá Aránṣọ

"Ẹ ti gbọ́? Ìyá aránṣọ yẹn… èyí tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta…"

"Wọ́n ní ó ti dákẹ́."

"Wọ́n ní kó tó dákẹ́, ó ṣépè. Ó ní ẹni tó wá sẹ́nu ọ̀nà òun lọ́jọ́ yẹn… hùn, ẹ jẹ́ n panu mọ́."

Àwọn obìnrin méjì tó ń tẹ̀wé ní kóòtù ló ń sọ ọ́. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí dúró lẹ́yìn wọn, ìgò gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun ló ń mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún àwọn tí bánkì fẹ́ gba ilé wọn. Bí kò bá bá onílé, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó wá búra ní kóòtù pé òun lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bánkì kì í fẹ́ kí onílé wá rojọ́. Ẹjọ́ ẹni tí kò wá kì í pẹ́ parí. Nítorí náà, bó bá ti ya fọ́tò tán, á ṣí ìwé náà kúrò kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Lẹ̀-ẹ́-ṣí-i ni wọ́n ń pè é.

"Ṣé mo purọ́ ni?" ló máa ń wí. "Wọ́n ní, 'Ṣé o lẹ̀ ẹ́?' Mo ní mo lẹ̀ ẹ́. Ta ló bi mí bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà ìyá aránṣọ, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìwé mọ́ pákó, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ nínú ilé, ìyá náà sì ké sí i. Ó gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ya fọ́tò, ó ṣí ìwé, ó yọ́ lọ bí ológbò.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n pe ìyá náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ni yóò jẹ́ ìpè tí kò gbọ́? Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù wá lé e jáde, ó bẹ̀ wọ́n kí òun rán apá kejì aṣọ ọmọ kan tán. Wọn ò gbà.

Iyàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan tó gbà á sílé ló kú sí. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe Lẹ̀-ẹ́-ṣí-i ni káfíńtà yìí, onígbàgbọ́ tòótọ́. Ibẹ̀ ló sáré lọ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà.

"Èpè wo ló ṣẹ́?"

Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀. "Áà! Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

"Mo wàásù fún ọ títí, o ní, 'Káfíńtà, máa kan pósí rẹ, fi ọ̀run sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.'" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kò ṣépè. Ó ti yé e pé ẹni tí òun ké sí ló lẹ ìwé. Ó rán mi sí ẹni náà, àṣé ìwọ ni."

Ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Ọkùnrin náà wó lulẹ̀ sínú èérún igi. "Jésù," ó ní, "mo búra èké. Ṣàánú mi." Jésù sì ṣàánú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú adájọ́. "Olúwa mi, mo lẹ̀ ẹ́, mo sì ṣí i." Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn yóò tún ẹjọ́ náà gbọ́, ṣùgbọ́n ìyá kò sí mọ́ láti gbọ́ ọ.

Ìwọ tó ń kàwé yìí, ẹ̀sìn tìrẹ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé o ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà lọ́jọ́ ìsinmi, o ń ṣí i lọ́jọ́ Ajé? Ènìyàn rí fọ́tò. Ọlọ́run rí ilẹ̀kùn. Ẹnìkan ń ké sí ọ láti inú ilé, o sì ń yọ́ lọ. Má lọ. Ronú pìwà dà lónìí, kí ohùn náà tó dákẹ́.

Iṣẹ́ tí ìyá aránṣọ rán gan-an nìyí, bí káfíńtà ṣe jẹ́ ẹ:

"Ẹ sọ fún un pé ohun tí mo wí lọ́jọ́ yẹn náà ni mo ṣì ń wí: 'Ta nìyẹn? Ilẹ̀kùn ò tì. Wọlé, ọmọ mi.'"