Kòkòrò Onírù Mẹ́ta

Ọmọge kan wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, ó dúró láàárín odò, ó ń bá òkúta sọ̀rọ̀. Báyìí ni ọmọkùnrin ìyá aláró kan ṣe kọ́kọ́ rí i, korobá aró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òkúta máa ń dáhùn ni?"

"Àwọn ayálégbé abẹ́ rẹ̀ ni mò ń kí." Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Kòkòrò kan wà níbẹ̀, kò tó èékánná, ó nírù mẹ́ta. "Eléyìí kì í gbé inú omi ìdọ̀tí. Tí mo bá kà wọ́n, mo ti mọ̀ bóyá ara odò yá."

Ìyá Kòkòrò ni ọmọkùnrin náà fi ń ṣe é yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí oṣù tó parí, ó ti ń pè é ní ayọ̀ mi.

Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tí omi aró ìyá ọmọkùnrin náà ń ṣàn sí, kò sí kòkòrò yìí rárá. Bí ọmọge bá kọ òfo sínú ìwé ọ́fíìsì ìjọba tó rán an wá ṣàyẹ̀wò odò, wọ́n lè ti ilé aró náà pa. Ìyá sì ti búra: "Ẹni tó bá ba iṣẹ́ mi jẹ́ kò ní fẹ́ ọmọ mi."

Ìfẹ́ a máa sọ ọlọ́gbọ́n di òpè. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọmọge wá ka kòkòrò, ọmọkùnrin náà kó kòkòrò láti òkè odò, ó dà wọ́n sí ìsàlẹ̀.

Láàárọ̀, ọmọge yí òkúta kan, ó yí òmíràn. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo wọn ti kú.

Ó kọjú sí ọmọkùnrin náà tó dúró létí odò. "Ìwọ lo kó wọn wá."

"Nítorí tiwa ni, ayọ̀ mi."

"O kó àlejò wá pa!" Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ òfo. Ó sì mú ìwé náà tọ ìyá aláró lọ fúnra rẹ̀.

"O mọ̀ pé ọkọ lo fẹ́ pàdánù yìí?" ni ìyá bi í.

"Mo mọ̀, mà. Mo fẹ́ràn ọmọ yín gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ nípa odò."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò tí omi aró yóò máa dúró sí, kó má dé odò mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì, ìtìjú ò sì jẹ́ kó sinmi.

Ó tó ọdún kan kí ìyá tó ránṣẹ́ pe ọmọge. Ọmọge bá a nínú odò, ìyá ti ká aṣọ sókè, ó gbé òkúta lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Kòkòrò, wá ka eléyìí. Ọmọ mi ò fọwọ́ kàn wọ́n o, èmi fúnra mi ni mo ṣọ́ ọ!"

Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n di òkúta mú, wọ́n ń jurù.

Ìyá fa ọwọ́ ọmọge lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹni tí kò parọ́ fún mi nítorí ọkọ, ta ni mo tún ń wá? Kọ mẹ́rin sílẹ̀, ìyàwó mi. Kọ ọ́ gàdàgbà."