Bàálù Tó Ṣeé Lẹ̀ Pọ̀

Ẹsẹ̀ ni obìnrin kan fi gbá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bàálù ìṣeré ṣí, torí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò ṣófo. Ọwọ́ kan gbé apá bàálù pupa kan, ọwọ́ kejì gbé ìrù rẹ̀. Ìyẹ̀fun búrẹ́dì ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n ju bàálù náà lọ. Èèyàn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù náà fọ́fọ́. Nílé búrẹ́dì tí òun àti ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, Ata Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè é, tí kò bá ti sí nítòsí.

"Ta ló ta ìranù yìí fún mi?"

Ọ̀gá tó tà á fún un ti sá sẹ́yìn páálí. Ọkùnrin tó ń bá a tún bàálù ṣe ló kù nídìí tábìlì. Ó wo bàálù náà, ó wo obìnrin náà, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ gbà mí o! Ṣé ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín nìyẹn?

"Èmi lẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, màdáámù. Ta ló ní kí ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀? Abẹ́ ikùn ni wọ́n so apá ẹ̀ mọ́, eré ẹ̀ sì pọ̀ jù. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti wọlẹ̀."

"Ọ̀gá yín ní èyí ni gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń rà."

"Ọ̀gá mi ò fi bàálù kankan fò rí." Ó sọ ọ́ sókè dáadáa, kí ẹni tó wà lẹ́yìn páálí lè gbọ́.

Inú Ata Wẹ́wẹ́ dùn sí ìyẹn díẹ̀, kò kàn jẹ́ kó hàn ni. Alátùn-únṣe gbé òmíràn sọ̀kalẹ̀ látorí pẹpẹ, funfun gbọọrọ, tí imú rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀.

"Ó burẹ́wà," ni obìnrin náà sọ, ó sì da pupa tó fọ́ náà sórí tábìlì.

"Ó burẹ́wà gan-an ni. Ṣùgbọ́n òkè ni apá ẹ̀ wà, ó sì gùn, torí náà ó máa ń fẹ́ dúró pẹrẹsẹ fúnra ẹ̀. Kì í sáré. Fóòmù ni wọ́n fi ṣe é. Bàálù téèyàn bá kọ́kọ́ rà, fífọ́ ló máa fọ́, màdáámù, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ẹ má wá èyí tó lẹ́wà. Èyí tó ṣeé lẹ̀ pọ̀ ni kí ẹ wá." Ó gbé e sọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi bàálù ṣe gan-an?"

Ata Wẹ́wẹ́ fi ọwọ́ tó níyẹ̀fun nu iwájú orí.

"Tí mo bá ń po ìyẹ̀fun, ìyá mi á ní, 'Gbé e wá, o ò mọ̀ ọ́n pò.' Tí mo bá ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì, ọwọ́ ìyá mi á wà lórí bíréèkì. Mo fẹ́ nǹkan kan tó jẹ́ pé èmi nìkan ni màá dì í mú, tẹ́nikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ mi."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó gbọ́ ọ o! Ẹ bá mi rántí pé ó gbọ́ ọ, torí ohun tó padà ṣe ṣì ń bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí nínú dòní.

Ata Wẹ́wẹ́ ra bàálù funfun náà, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò. Rìmóòtù méjì ni wọ́n fi wáyà kan so pọ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ olùkọ́, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Tí olùkọ́ bá ti tẹ súìṣì tirẹ̀, bàálù ti kúrò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, ó ti di tolùkọ́. Ibi tó le jù ni kí bàálù máa kọjú bọ̀ wá bá èèyàn, torí ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún.

"Apá tó bá tẹ̀ sísàlẹ̀, ìhà ibẹ̀ ni kó o ti igi kékeré orí rìmóòtù sí, Ata mi."

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ẹ?"

"Gbogbo àdúgbò ni."

Ata Wẹ́wẹ́ fi bàtà lé e yí pápá ká. Ìgbà tó bá a, kò rántí bàtà mọ́. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn o.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò gbà. "Géńdé ọkùnrin, ohun ìṣeré ló fi ń jẹun! Ṣé irú ẹni tó o fẹ́ mú wá fún mi nìyí?"

"Ẹ wá wò mí, Màámi. Tí mo bá dá mú bàálù balẹ̀ lójú yín, ẹ ó mọ̀ pé ó kọ́ mi ní nǹkan gidi."

Ìyá gbà láti wá. Ata Wẹ́wẹ́ wá di apá ẹ̀wù olólùfẹ́ rẹ̀ mú. "Gbọ́ mi o. Tó bá máa fọ́, jẹ́ kó fọ́. Má fọwọ́ kàn án."

"Mo ti gbọ́, ìfẹ́ mi."

Lọ́jọ́ náà, atẹ́gùn ń fẹ́ ségesège. Bàálù funfun náà kọjú bọ̀, apá rẹ̀ kan tẹ̀, ó tẹ̀ sí i, lójijì ó nà, ó sì balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ sórí koríko. Ata Wẹ́wẹ́ fò sókè, ó kígbe, ó di mọ́ olólùfẹ́ rẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ rí mi?"

Ìyá ò pàtẹ́wọ́. Ìka ọkùnrin náà ló ń wò. "Kì í ṣe ìwọ lo mú un balẹ̀. Òun ni. Ó tẹ nǹkan kan. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ ọwọ́ tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ? Mo ti ń gbà á tipẹ́."

"Irọ́ ni, àbí?" ni Ata Wẹ́wẹ́ bi olólùfẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ó fẹ́ wọlẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kójú tì ẹ́ níwájú màmá."

Ata Wẹ́wẹ́ fa wáyà náà yọ, ó jù ú lù ú láyà. "Mo bẹ̀ ẹ́! Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́! O sì jẹ́ kí n máa fò sókè bí òmùgọ̀. Ìyá kan ni mo ní, ó sì tó mi. Mi ò ní lọ fi òmíràn ṣe ọkọ!" Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ má rò pé ẹ borí o!"

Ó sì tọ́ sí wọn, àwọn méjèèjì.

Látọjọ́ náà, ìyẹ̀fun ló ń jìyà. Ata Wẹ́wẹ́ á pò ó, á gbá a mọ́ tábìlì gbàgà-gbàgà, kò sẹ́ni tó láyà láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Búrẹ́dì ọ̀hún sì ń dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá nawọ́ sí ìyẹ̀fun, ó tún fà á padà.

"Ọkùnrin bàálù yẹn wá," ni ìyá wí. "Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀, pé mi ò gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ mi mọ́, títí kan ọ̀rọ̀ àárín ẹ̀yin méjèèjì. Ó ní òun wà ní pápá."

Inú fùfù ló fi lọ. Alátùn-únṣe gbé bàálù funfun náà dání pẹ̀lú rìmóòtù kan ṣoṣo.

"Jọ̀ọ́, Ata mi. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni mo pa fún ẹ, mo sì wò ẹ́ tó ò ń yọ̀."

"Wáyà ńkọ́?"

"Mo gé e."

"Ta ló ní kó o gé e? Ẹlòmíì ò ní fi kọ́ṣẹ́ ni?"

Ọkùnrin náà na rìmóòtù sí i, ó jókòó sórí koríko, ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí.

Bàálù gbéra. Ó yí pápá ká dáadáa, ó wá kọjú bọ̀. Atẹ́gùn bì í, apá kan tẹ̀. Ata Wẹ́wẹ́ ti igi sọ́tùn-ún níbi tí òsì ti yẹ. Ọkùnrin náà rí i. Ó ya ẹnu, ó tún pa á dé, ó fi eyín di kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ mú. Gbàà! Bàálù kọlu ògiri ilé ẹ̀kọ́, imú rẹ̀ já.

"Ó fọ́," ni obìnrin náà wí.

"Ó fọ́."

"O jókòó."

"Mo jókòó. Ó dùn mí wọ egungun o, ṣùgbọ́n mo jókòó."

Ata Wẹ́wẹ́ fẹ́ bínú sí i, ẹkún ló bọ́, ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e. Ó jókòó tì í, ó fa gọ́ọ̀mù yọ lápò ọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ imú bàálù mọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin náà rọra yọ láti abẹ́ ìdí.

"Ọwọ́ ẹ!"

Ọwọ́ padà sábẹ́.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?" ni Ata Wẹ́wẹ́ bi í, kò gbójú sókè.

"Háà! Ṣé kì í ṣe èmi ló yẹ kí n béèrè ni?"

"Ẹ wò ó! Ó tún fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi!"

"Ó tì o! Ìwọ lo béèrè, ìwọ ni. Màá fẹ́ ẹ. Màá fẹ́ ẹ, Ata mi."

"O ò lẹ́wà o," ni obìnrin náà wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Àmọ́ o ṣeé lẹ̀ pọ̀."

Gọ́ọ̀mù náà ò tíì gbẹ. Ó ti ìrù bàálù sí i.

"Ó yá, bá mi dì í mú níbẹ̀ yẹn. Mo ní kó o dì í mú ni o. Mi ò ní kó o gbà á."