Kẹ́mísìrì Ọ̀sẹ̀ Mẹ́wàá

Wọn ò tíì mọ ara wọn tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi fọ́ ìgò àkọ́kọ́. Inú láàbù yunifásítì kan nílùú Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, ni, Tessa Kowalke àti Emmett Varga sì ni olùkọ́ pín pọ̀ láti jọ ṣiṣẹ́.

"Ìwọ lo tì mí," Emmett wí.

"Irọ́ ńlá! Ọwọ́ ẹ ló ń gbọ̀n."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, wọ́n ti ń fẹ́ra wọn, ẹ ò lè rí ọ̀kan kẹ́ ẹ má rí èkejì.

Dókítà ni wọ́n fẹ́ dà. Kẹ́mísìrì kan wà tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í gba èèyàn láìṣe é, odindi ọdún ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Àmọ́ ẹni tó bá ń kánjú lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbé e mì nígbà ìsinmi ooru. Tessa ló ń kánjú. Ó fẹ́ kí àwọn jọ kọ fọ́ọ̀mù lọ́dún kan náà, kí nǹkan kan má yà wọ́n.

Ìyá Emmett, nọ́ọ̀sì tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, bi wọ́n pé, "Ta ló ń lé yín? Ọmọ mi kì í tètè mọ nǹkan, àmọ́ tó bá ti mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ fún un láyè."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà," Tessa dáhùn. "Èmi wà níbẹ̀."

Àwọn méjèèjì forúkọ sílẹ̀. Nígbà ooru, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń kọ́ lọ́jọ́ kan. Emmett á ṣiṣẹ́ owó láàárọ̀, á máa ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́ kiri ọsibítù, á wá sùn lórí ìwé lọ́sàn-án. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ó gba mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdánwò kejì, méjìdínlógójì. Ẹ̀rù ba Tessa, ló bá ń bá a kọ àbọ̀ iṣẹ́ láàbù. Ọmọbìnrin yìí náà! Ṣé ó máa bá a jókòó ṣèdánwò ni?

Aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀ ni gbèdéke fún ẹni tó bá fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà. Tó bá ti kọjá, tí Emmett bá féèlì, kò sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí kò ní rí i nínú ìwé rẹ̀. Ní aago mẹ́ta, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yọ orúkọ.

"Tí mo bá yọ orúkọ, wàá fi ọdún kan ṣáájú mi," Emmett wí. "Olólùfẹ́ mi, sọ òótọ́. Ṣé mo lè yege?"

Ó wu Tessa kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀.

"O ò lè yege," ó wí. "Èmi ni mo fà ẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má dá wà. Má jẹ́ kí ìbẹ̀rù mi ba ayé ẹ jẹ́."

Emmett dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé o ti mọ̀ látọjọ́ yìí, tó o wá ń bá mi kọ iṣẹ́ bí ọmọ jẹ́léósinmi?"

Ó bọ́ sójú títì, ó lọ. Tessa sunkún débi tí ojú rẹ̀ wú. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ náà, Emmett ò gbé fóònù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíì ló jókòó síbi tí Emmett máa ń jókòó ní láàbù. Inú Tessa dùn, inú rẹ̀ bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó jáde, Emmett ló rí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago mẹ́rin lù ni mo padà lọ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ orúkọ mi," ó wí. "Inú ṣì ń bí mi sí ẹ o."

"Ó yẹ kó bí ẹ."

"Màá kọ́ ọ bó ṣe yẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Tessa, ṣé wàá dúró dè mí?"

Tessa nu ojú rẹ̀.

"Mi ò ní dúró. Ibi tí wọ́n bá ti gbà mí ni mò ń lọ." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kó o wá bá mi níbẹ̀."