Mílíìkì Parakú, Mílíìkì Agbowó

"Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin ìyá! Agolo kan náà, orúkọ kan náà! Ìdajì owó tí Ṣùkúrát ń gbà lọ́wọ́ wa ni wọ́n ń tà á ní Parakú!"

Islamiat ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní asalátù ní Agbowó, n'Ìbàdàn, tó gbé agolo mílíìkì sókè kí gbogbo obìnrin lè rí i. Ọmọ Ṣakí ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ní Parakú, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni.

Ṣùkúrát, tí ṣọ́ọ̀bù mílíìkì àti ṣúgà rẹ̀ kò jìnnà sílé Islamiat, jókòó lẹ́yìn. Ó ní, "Àǹtí, mi ò rẹ́ yín jẹ o." Ta ní fẹ́ gbọ́? "Olè!" ni Islamiat dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ká má purọ́.

Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ti dá ní ṣọ́ọ̀bù Ṣùkúrát. Àwọn tó ń rà á láwìn pàápàá ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá.

Ìyẹn kò tẹ́ Islamiat lọ́rùn. Ó kó agolo méjèèjì, ti Parakú àti ti Ṣùkúrát, ó di ọ̀dọ̀ Bọ́láwùmí, aládùúgbò wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà.

"Àǹtí Bọ́lá, ẹ bá mi kọ̀wé fẹjọ́ Ṣùkúrát sùn."

Bọ́láwùmí gbé agolo méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ẹ ka ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí abẹ́ wọn."

Islamiat kà á. Mílíìkì inú ti Parakú kéré sí ti Ìbàdàn dáadáa.

"Mi ò wo ibẹ̀," ó ní wọ́ọ́rọ́.

"Sẹ́fà, owó tiwọn, ńkọ́? Báwo lẹ ṣe sọ ọ́ di náírà?"

"Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é nígbà tí wọ́n ń ná ọjà ẹnubodè ni. Àwa ọmọ Ṣakí, orí la fi ń ṣírò sẹ́fà!"

"Ìgbà tí ẹ wà ní kékeré nìyẹn. Náírà ti já wálẹ̀ gan-an láti ìgbà yẹn. Èló lẹ ṣẹ́ sẹ́fà tí ẹ ná lọ́hùn-ún?"

Ẹ̀gbọ́n Islamiat ló sanwó. Òun kò ṣẹ́ sẹ́fà kankan.

Bọ́láwùmí ṣírò rẹ̀ lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ẹ lónìí. Ìyàtọ̀ tó kù kò tó nǹkan. "Owó ibodè wà nínú ìyókù yìí, owó-orí wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ láti èbúté dé ibí, títí kan epo jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ló mọ iye tó ń gbà. Àwọn nǹkan míì wà tó wọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, tí wọ́n ń wá rà lọ́dọ̀ wa. Ṣé ẹ tiẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ń ta mílíìkì yìí ní Bódìjà? Iye tí Ṣùkúrát ń tà á náà ni."

Ooru mú Islamiat. Bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá kó sínú rẹ̀. Ọmọlọ́mọ lòun pè lólè lójú gbogbo ayé, òun tí kò wo abẹ́ agolo!

Nígbà tí asalátù tún pé, ó dìde, kò lè gbójú sókè. "Mo parọ́ mọ́ Ṣùkúrát. Mi ò wádìí, mo kàn sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Bó ṣe dàgbà tó, ó kúnlẹ̀.

Ṣùkúrát sáré gbé e dìde. "Ẹ dìde, Àǹtí, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ. Mo ti dárí jì yín. Àmọ́ àná ni mo dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé."

Gbogbo àwọn tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn ń wolẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, iye ọjà nílẹ̀ yìí àti nílẹ̀ tó múlé tì wá kì í sábà dọ́gba. Kí ẹ tó pe ọlọ́jà lólè, ẹ wo ìwọ̀n ọjà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ owó lónìí, ẹ rántí owó ibodè àti owó ọkọ̀, kí ẹ sì wádìí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà mìíràn. Bó bá ṣì rú yín lójú, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má gbé e lọ sí àárín èrò. Bá a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a ò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.