Ìgò Mínírà Sisí Onírun

"Bọ́ síta! Mo ní kó o bọ́ síta, alágbèrè!"

Akọ̀wé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kan náà ló ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀! Òun ló ra kẹ̀kẹ́ tó ń gùn lọ síbi iṣẹ́, òun ló sì ń san owó ilé nígbà tí owó oṣù rẹ̀ bá ti bá ọtí lọ. Ṣùgbọ́n aláìmoore ò mọ àánú, ojú kì í sì í tì í.

"Bàbá Kékeré, kí ni mo ṣe fún yín?" Aránṣọ, ìyàwó rẹ̀, ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Kékeré ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

"O tún ń bi mí! Ta ló ń yí fíìmù ní sinimá? Ta lò ń rán kọ́tìnì fún láti ọjọ́ yìí? Gbogbo àdúgbò ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ọkọ ni mo gbọ́ kẹ́yìn!"

"Mo fi ọmọ mi búra, n ò mọ ọkùnrin náà rí! Ìyàwó ẹni tó ni sinimá ló gbé aṣọ náà wá bá mi níbí. N ò tíì wọ sinimá láyé mi!"

"Má fi ọmọ mi búra! Ọmọ mi kọ́ ni wàá fi bo àgbèrè mọ́lẹ̀!"

Sisí Onírun dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, òòyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò Aránṣọ ni, ọmọ ìyá kan náà. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn Aránṣọ ni Sisí fi ṣe ibùsùn. Aránṣọ ló tọ́ ọ, tó rán an nílé ìwé, tó sì ń sanwó ilé ìkọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ní òun ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú jẹ́wọ́," ló fi ohùn tútù sọ. "Ẹní bá jẹ́wọ́ là ń ṣàánú fún."

Ẹ gbọ́ ẹnu ejò! Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojú burúkú wo aláìṣẹ̀: Sisí ló hun irọ́ náà, òun ló gbé e lé Akọ̀wé létí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ariwo yẹn ló gbé Ẹ̀gbọ́n Kápẹ́ńtà dé. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ni, ọ̀nà kejì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òun sì ni olórí ẹbí. Ó gbọ́ tẹnu Akọ̀wé, ó gbọ́ ti Sisí, ó wá wo Aránṣọ tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní ẹbí yóò jókòó lọ́jọ́ Àìkú. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, Aránṣọ yóò kẹ́rù rẹ̀, ọmọ yóò sì dúró. Títí dìgbà náà, kí Kékeré máa sùn lọ́dọ̀ Sisí nínú yàrá, kí ìyá rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Aránṣọ bú sẹ́kún. Kì í ṣe ilé ló ń dùn ún, kì í sì í ṣe ọkọ. Ọkọ náà ti sú u tipẹ́. Kékeré ni gbogbo ohun tó ní, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan etí, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Gbogbo orin tí asọ̀rọ̀mágbèsì onílé bá ti kọ, Kékeré á kọ ọ́ tẹ̀ lé e, á sì kígbe rẹ̀ dé òpin ọ̀nà. Wọn kì í béèrè ibi tó wà, ohùn rẹ̀ ni wọn á tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ìgbà tí ṣílè ṣì ń jẹ́ ṣílè ni. Tọ́rọ́ ni wọ́n fi ń jókòó níwájú ní sinimá, níbi tí ọrùn á ti máa dunni, sísì sì ni àga ẹ̀yìn, níbi tí àwọn olólùfẹ́ ń sá sí. Àwọn obìnrin inú fíìmù àti ti ẹ̀yìn páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ní irun tó nà gbọọrọ bí òwú, gbogbo ọmọge ló sì fẹ́ kí tiwọn rí bẹ́ẹ̀. Irun Sisí nà ju ti gbogbo wọn lọ. "Òróró àgbọn lásán ni mò ń fi pa á," ló máa ń wí, Akọ̀wé á sì máa fi yangàn láàárín ọ̀rẹ́: "Irun àmútọ̀runwá!"

Irọ́ nìyẹn náà. Oògùn ìnarun kan ló ń rà lọ́wọ́ àwọn atukọ̀, oògùn tó gbóná débi pé ó lè bó awọ orí. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára agolo, Akọ̀wé sì mọ̀wé. Kí àṣírí má baà tú, Sisí da oògùn náà sínú ìgò mínírà tó ti ṣófo, ó dé e, ó gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Ìgò mínírà! Nínú yàrá tí ọmọdé ń sùn sí! Tẹ́lẹ̀, ìyá Kékeré máa ń ra mínírà fún un ní Sátidé. Ṣùgbọ́n mínírà ti gbówó lórí, òwú ìránṣọ náà ti gbówó lórí, ó sì ti pẹ́ tí ọmọ náà ti ń ṣe àárò rẹ̀.

Ní Sátidé, Akọ̀wé ní òun ń lọ ṣe ofataìmù nílé-ẹrù. Kò pẹ́ tí Sisí náà fi wọ aṣọ tuntun tí Aránṣọ rán fún un, ó ti yàrá pa, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì.

"Kékeré ńkọ́?" Aránṣọ bi í.

"Ó ń sùn. Ẹ má jí i o, ẹ rántí ohun tí ẹbí sọ!"

Aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ń dún, asọ̀rọ̀mágbèsì onílé ń kọ orin tí àwọn èèyàn béèrè fún, kò sì gbọ́ nǹkan kan, àfi nígbà tí orin kan tán tí òmíràn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó gbọ́ nígbà náà kì í ṣe ẹkún. Ó dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń húkọ́.

Ó figbe ta. Ẹ̀gbọ́n Kápẹ́ńtà sáré dé, ó fi èjìká já ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Kékeré wà nílẹ̀, tábìlì Sisí ti dojú dé. Ìgò mínírà ti fọ́, lọ́fínńdà, pọ́ńdà àti ohun tó kù nínú ìgò ti dà pọ̀, òórùn lọ́fínńdà sì ti bo gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà di eyín pinpin, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọsibítù, ohun kan ni dókítà ń béèrè: "Kí ló mu? Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún èyí lè ba ìyẹn jẹ́. Ẹ lọ bi ẹni tó ni ìgò, kíákíá!"

Ẹ̀gbọ́n Kápẹ́ńtà dúró ti ọmọ, Aránṣọ sáré. Ilé ìkọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà ní títì gbọin. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ní wọn kì í ṣí ní Sátidé. Ó sáré dé ilé-ẹrù, bóyá ọkọ rẹ̀ á mọ ibi tí Sisí lọ.

"Ofataìmù kẹ̀?" Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà yanu. "Láti ìgbà tí epo ọkọ̀ ti wọ́n ni ọ̀gá ti fòpin sí i. Iwájú sinimá ni mo ti máa ń rí kẹ̀kẹ́ ọkọ yín."

Kẹ̀kẹ́ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, inú ilé ṣókùnkùn, èrò sì kún fọ́fọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti tọ́ka àtẹ̀gùn fún un pé kó lọ bá ẹni tó ń yí fíìmù. Nígbà náà, bí wọ́n bá ń wá ẹnìkan nínú sinimá, gíláàsì kékeré kan tí wọ́n ti fi èéfín àtùpà kùn dúdú ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí, wọn á fi iná tàn án sára ògiri kí gbogbo èèyàn kà á.

Ó gun òkè. Ẹni tó rí níbẹ̀ jẹ́ bàbá arúgbó kan tí eyín rẹ̀ ti ká tán, tó ń gbọ̀n bí ewé. Àlè tí wọ́n ní ó ń yàn nìyẹn!

"Ta nìyẹn? Ta lò ń wá, ọmọ mi?"

"Bàbá, ọmọ mi ń kú lọ! Akọ̀wé ilé-ẹrù ni mò ń wá, ọkọ mi ni!"

Bàbá náà fa gíláàsì kan jáde. Ó ń wá ìṣó tó fi ń kọ̀wé, kò rí i. Aránṣọ fa abẹ́rẹ́ yọ láyà aṣọ rẹ̀, níbi tí àwọn aránṣọ máa ń gún un mọ́, ó nà án sí i. Abẹ́rẹ́ yẹn ni bàbá fi kọ ọ́:

AKỌ̀WÉ ILÉ-ẸRÙ, ỌMỌ RẸ WÀ NÍ ỌSIBÍTÙ. ÌYÀWÓ RẸ WÀ LẸ́NU Ọ̀NÀ.

Ẹnìkan pariwo láti àga ẹ̀yìn: "Ìyàwó wo? Ìyàwó rẹ̀ kọ́ ló jókòó tì í níbí yìí? Gbogbo Sátidé la kúkú ń rí wọn!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tan iná. Akọ̀wé dìde, ọwọ́ rẹ̀ sì wà léjìká Sisí Onírun.

Háà! Ilẹ̀ ò lanu. Èmi ì bá jẹ́ Aránṣọ, àwọn méjèèjì ì bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu mi! Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, kò bú wọn, kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

"Kí ló wà nínú ìgò mínírà orí tábìlì rẹ? Kékeré mu ún. Kí ló wà níbẹ̀?"

Sisí wo Akọ̀wé. Akọ̀wé náà ń wò ó. Sisí fi ọwọ́ kan irun rẹ̀.

"Òróró àgbọn ni."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Mo fi ìyá wa tó kú búra! Òróró àgbọn ni!"

Ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ níwájú dókítà. Bó bá jẹ́ òróró ni, a jẹ́ pé lọ́fínńdà tó mu mọ́ ọn ló ń dà á láàmú, dókítà sì ní kí wọ́n mú kí ọmọ náà bì. Wọ́n fún un lómi iyọ̀. Ohun tó jó o nígbà tó ń wọlé tún jó o nígbà tó ń jáde. Nígbà tí Sisí rí ẹ̀jẹ̀, tó rí bí ètè ọmọ ṣe bó, ó ká ọwọ́ lérí.

"Oògùn irun mi ni! Ẹ dúró! Oògùn irun ni!"

Ó pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹbí jókòó. Bàbá tó ń yí fíìmù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó sọ àwọn tó ń rí ní àga ẹ̀yìn ní gbogbo Sátidé, ó sì sọ pé àná lòun kọ́kọ́ fojú kan Aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n Kápẹ́ńtà sunkún bí ọmọdé.

"Ìyàwó wa, a jẹ ẹ́ níyà láìṣẹ̀. Ilé di tìrẹ, ọmọ di tìrẹ. Ìwọ Akọ̀wé, kẹ́rù ẹ! Tá a bá tún rí ẹ lágbo ẹbí yìí, ojú ẹ á rí màbo!"

Ìtìjú lé Akọ̀wé kúrò nílé-ẹrù, ọtí gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti Sisí kò bá ara wọn kalẹ́. Ẹni tó bá ẹ dalẹ̀, yóò da tìẹ náà. Oògùn tí Sisí kò ṣíwọ́ lílò bó irun rẹ̀ dànù, gèlè ló fi ń bo orí pípá káàkiri, kò sì sí aránṣọ kan tó gbà láti rán aṣọ fún un.

Kékeré yè. Aránṣọ ń dúpẹ́, ó sì ń sunkún. Ògì tó ṣàn ni ọmọ náà ń mu, ohùn rẹ̀ kò sì padà mọ́. Bí asọ̀rọ̀mágbèsì bá ń kọrin, ẹnu rẹ̀ á máa lọ, àfi ẹni tó bá gbé etí sún mọ́ ọn ló lè gbọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Akọ̀wé padà wá, ó gbá ìgò mínírà mú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti wọnú. Aránṣọ ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Akọ̀wé kan ilẹ̀kùn.

"Kékeré! Kékeré, ṣé o wà nílé? Bàbá ẹ nìyí! Dá mi lóhùn, ọmọ mi!"

Ọmọ náà dìde láti ìdí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀, ó wá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò lè dá ṣí, ó fẹnu kàn án.

"Bàbá," ló wí. "Mo wà níbí."

Akọ̀wé kò gbọ́. Ó tún kan ilẹ̀kùn, ó tún pè é, ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ó gbà pé ọmọ náà ò fẹ́ dá òun lóhùn, ó gbé ìgò rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.