Àpótí Tí Gbogbo Wọn Yìn

Nọ́ọ̀sì Jemimah yọ ohun tó fi bo Adérógbà létí, ó wo ìwé iwájú rẹ̀, ó tún un wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín pé etí yín ti bàjẹ́?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Kò sóhun tó ṣe etí yín. Gbogbo ohùn tí mo rán sí i lẹ gbọ́ pátá."

Adérógbà tún ìwé náà wò fúnra rẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni, ó ti lo ọdún mọ́kànlá níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ irin ìkọ́lé ní Ọ̀tà, ọdọọdún ni wọ́n sì máa ń yẹ etí àwọn òṣìṣẹ́ wò níbẹ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ. Ó ti gba kádàrá pé lọ́dún yìí, wọn á ní tirẹ̀ ti parí. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ti ti gìtá rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó sì ti ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa ta á fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn rẹ̀: bí kì í bá ṣe etí mi, kí ni?

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó gbé pẹ́dà rẹ̀ lọ bá Ruqoyah, obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ohùn ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ṣàngó. Pẹ́dà ni àpótí irin kékeré tí onígìtá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá rẹ̀ lè yí padà. Gbogboohùn ni wọ́n ń pe eléyìí. Ẹni tó tà á ní ohùn ọgọ́rùn-ún áńpù òkè òkun, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ló wà nínú rẹ̀, pé ẹni tó bá ti ní in kò tún ní láti náwó sórí áńpù mọ́ láyé.

Ruqoyah yí ìdí àpótí náà sókè. "Bùọ̀dá Rógbà, wọ́n kọ ọ́ síbí pé téèyàn bá tú u, gbogbo ohùn inú ẹ̀ á parẹ́ o."

"Tú u."

Ó tú sukúrù mẹ́rin. Sìmẹ́ńtì gbígbẹ ló kọ́kọ́ rí, wọ́n dà á síbẹ̀ kí àpótí náà lè wúwo lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó rí bátìrì kékeré kan, gílóòbù pupa kan, àti wáyà kan ṣoṣo tó ti ihò tí gìtá ń bá wọlé lọ tààrà sí ihò tó ń bá jáde. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ruqoyah bú sẹ́rìn-ín. Ó wá rí ojú Adérógbà, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Bí ohùn yín ṣe wọlé lápá ibí ló ṣe jáde lápá ọ̀hún. Iná pupa yìí nìkan ló ń ṣiṣẹ́."

Kí ẹnikẹ́ni tó fi Adérógbà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ ká rántí irú èèyàn tí àwọn onígìtá jẹ́. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan lórí Wasáàpù, gbogbo àwọn tó ń ta gìtá láti Ọ̀tà dé Ìgbẹsà àti Alápòtí ló wà níbẹ̀, àríyànjiyàn ni iṣẹ́ wọn. Èyí á ní gìtá olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó láti Ṣáínà ti dára ju ti àwọn olórúkọ ńlá lọ báyìí, kéèyàn ṣáà ti pààrọ̀ okùn rẹ̀. Ìyẹn á ní pákó rẹ̀ kò gbẹ tó. Ẹlòmíì á ní ọwọ́ ló ń kọrin, kì í ṣe pákó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ níbẹ̀ láé, àní bí ẹ fi ìbọn sí i lórí: pé òun kò gbọ́ ìyàtọ̀.

Orí èyí ni Tóyọ̀sí Ṣóbándé, ẹni tó ń ta Gbogboohùn, kọ́ ilé sí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ṣàngó, ẹnu rẹ̀ dùn, aṣọ rẹ̀ mọ́. Adérógbà ló kọ́kọ́ ra Gbogboohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e délé, ó tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn, ohùn gìtá kò yí padà rárá. Ó pe Tóyọ̀sí. Tóyọ̀sí ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o. Ṣé kì í ṣe iléeṣẹ́ irin lẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni? Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò etí yín." Ìtìjú bo Adérógbà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé ohùn rẹ̀ dùn bíi ti áńgẹ́lì, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé etí òun ti di. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, Tóyọ̀sí ti tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí pósítà pẹ̀lú fọ́tò Adérógbà, àwọn tó rà á lẹ́yìn náà sì ń yìn ín ju bí òun ti yìn ín lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó mọ́.

Adérógbà gbé àpótí sìmẹ́ńtì náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ispẹ́kítọ̀ Àtinúkẹ́ ló gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ó wá pósítà kan rí lórí fóònù rẹ̀, ó nà án sí i.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Pé ó dùn bíi ti áńgẹ́lì."

"Ṣé ó dùn?"

"Rárá, mà. Irọ́ ni mo pa."

"Ìgbà yẹn lo purọ́ ni, àbí ìsinsìnyí lò ń pa á?"

Adérógbà ti àpótí sìmẹ́ńtì náà sí iwájú rẹ̀.

"Wò ó," ni obìnrin náà wí, "mo gbà ẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ìwọ nìkan bá dé kóòtù, ẹnu ara rẹ ni wọ́n á fi dè ẹ́ níbẹ̀. Lọ wá ẹnìkejì wá."

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbẹsà láti lọ bá Mùsílíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta gìtá ní òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Adérógbà ló mú kí Mùsílíù ra tirẹ̀.

"Tèmi ń ṣiṣẹ́ dáadáa," ni Mùsílíù wí kó tó jókòó pàápàá.

"Jẹ́ ká tú u."

"Kí la fẹ́ tú? Ìwọ lo ní kí n rà á."

"Irọ́ ni mo pa, Mùsílíù. N kò gbọ́ nǹkan kan."

Mùsílíù wá jókòó. "Mo ta áńpù mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Áńpù tí bàbá mi rà fún mi. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe. Máa lọ, Rógbà. Máa lọ ilé rẹ."

Ó lọ. Ó kọ òótọ́ sórí Wasáàpù, wọ́n ní ìlara ló ń dà á láàmú, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Tóyọ̀sí pè é lọ́jọ́ kejì.

"O fẹ́ ba oúnjẹ mi jẹ́, àbí? Mo mọ ilé rẹ o."

"Kò jìnnà. Máa bọ̀."

Kì í ṣe pé ó láyà. Ẹ̀rù gan-an kò rí ibi dúró sí lára rẹ̀ mọ́ ni. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò korò.

Nígbà tí Ispẹ́kítọ̀ Àtinúkẹ́ gbọ́ pé Tóyọ̀sí ti ń halẹ̀ mọ́ Adérógbà, àwọn méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Àgádágodo ńlá ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní kò tíì tó wákàtí kan tí Tóyọ̀sí kó ẹrù lọ. Ṣùgbọ́n pósítà tuntun wà lára ògiri: Gbogboohùn ń bọ̀ ní Alápòtí, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, ọ̀sán Sátidé. Fọ́tò Adérógbà ló wà lókè rẹ̀.

Ispẹ́kítọ̀ wọ ìró àti bùbá lọ síbẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì tí kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ruqoyah jókòó síwájú. Ó ti sọ fún Adérógbà tẹ́lẹ̀ pé, "Tí àpótí yẹn bá ṣófo, tó sì ń dún dáadáa lọ́dọ̀ Tóyọ̀sí, ibòmíì ni ohùn náà ti ń wá. Wáyà ni kẹ́ ẹ máa wò."

Gbọ̀ngàn kún. Tóyọ̀sí fi wáyà so gìtá mọ́ àpótí, ó so àpótí mọ́ sípíkà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ká má parọ́, ó dùn. Àwọn ọ̀dọ́ ń mi orí. Adérógbà dìde, ó rìn lọ síwájú, ẹnì kan sì rántí ojú rẹ̀ lára pósítà.

"Bùọ̀dá Áńgẹ́lì nìyẹn!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Tóyọ̀sí kò rí i lé kúrò. Ó ń rẹ́rìn-ín fún èrò, ó ń sọ̀rọ̀ láti àárín eyín.

"Tó o bá dán an wò, mo máa fìyà jẹ ẹ́."

"Gbé gìtá wá."

Adérógbà gbà á, ó ta á díẹ̀, ohùn rẹ̀ kún gbogbo ilé. Ó wá fa wáyà yọ kúrò lára gìtá, ó gbé ẹnu wáyà náà sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i, ó sì tún fi ọwọ́ kejì ta okùn. Gìtá ṣì ń dún. Ó ta á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣì ń dún.  Ruqoyah ká aṣọ tó bo tábìlì Tóyọ̀sí sókè: ojúlówó ẹ̀rọ òkè òkun ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú, ó ń gba ohùn láìsí wáyà látinú ohun kékeré kan tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn gìtá náà.

Tóyọ̀sí ti bẹ́ gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọlọ́pàá sáré tẹ̀ lé e, àga dí wọn lọ́nà. Ó fò sórí ọ̀kadà tó ti ní kó dúró de òun.

"Gbé e! Gbé e!"

"Oga, I no see key o," ni ọlọ́kadà wí.

Mùsílíù ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àpótí Gbogboohùn rẹ̀ wà ní ọwọ́ òsì, ó ti tú ìdí rẹ̀.

"Sìmẹ́ńtì ló wà nínú tèmi náà," ló wí.

Bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Tóyọ̀sí lọ́wọ́, ẹnì kan láàárín èrò ní, "Tèmi náà." Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó kúrò ní Alápòtí, èèyàn mẹ́tàdínlógún ti fi orúkọ sílẹ̀, ara wọn sì fúyẹ́ bíi ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Tóyọ̀sí kò jiyàn.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí?" ni Ispẹ́kítọ̀ bi í.

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Mo fẹ́ ṣe ojúlówó ni. Kò ṣeé ṣe. Mo ta òfìfo kan fún ọkùnrin yìí kí n fi ra ohun èlò sí i. Nígbà tó pè mí, mo fi ọ̀rọ̀ etí tì í sẹ́yìn kí n lè ráyè. Mo ń retí pé ó máa dá a padà, mo sì ti múra àtibẹ̀ ẹ́."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ó kọ ọ́ pé ó dùn bíi ti áńgẹ́lì." Tóyọ̀sí gbójú sókè wo Adérógbà. "Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò pọn dandan kí n ṣe nǹkan kan sínú rẹ̀."

 Mùsílíù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adérógbà wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi èjìká gbá a díẹ̀. "Èmi náà yìn ín," ló wí. "Ká máa lọ."

Adérógbà délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó fa gìtá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ nu eruku rẹ̀, ó so ó mọ́ áńpù kékeré rẹ̀ láìsí ohunkóhun láàárín. Ó ta gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan. Okùn kejì ti rẹlẹ̀ díẹ̀, bí ẹlòmíràn ló ta á, kò ní fura. Adérógbà gbọ́ ọ. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, ó sì ń yí i bọ̀ sípò.